Ohun tí Òkúta Ìrántí Wí, àti Ohun tí Ó Gbé Mì

  Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àrọ́bá ni baba ìtàn. Ohun tí baba sọ fún ọmọ, tí ọmọ náà sì sọ fún ọmọ tirẹ̀, ni a fi ń mọ ibi tí a ti ṣẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n àwọn ìlú kan wà tí wọn kò fi ìtàn mọ sí ẹnu àgbà nìkan. Wọ́n gbẹ́ ẹ sí ara òkúta, wọ́n rọ ọ́ sí ara irin, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kí ẹni tí ń kọjá lè kà á. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: bí òkúta bá sọ̀rọ̀, ta ni ó ń ti inú rẹ̀ sọ̀rọ̀?

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó gbà pé ohun tí a bá ti gbẹ́ sí ara òkúta, òtítọ́ ni. Ẹnu lè yẹ̀, ìwé lè ya, ṣùgbọ́n òkúta kì í yí ohùn padà. Èrò yìí gan-an ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Ibi tí n ó sì mú yín lọ láti yẹ̀ ẹ́ wò ni ìgbèríko kan ní ìpínlẹ̀ Louisiana, ní Gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà.

Kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé díẹ̀. Àgbègbè kéékèèké ni a pín ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ní Amẹ́ríkà, káńtì ni wọ́n sì ń pe irú àgbègbè bẹ́ẹ̀. Ní Louisiana, páríìṣì ni wọ́n ń pè é, nítorí pé àwọn Faransé àti àwọn ará Sípéènì tí ó kọ́kọ́ jọba níbẹ̀ jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà, orúkọ tí ìjọ ń lò ni ó sì mọ́ àwọn ènìyàn lẹ́nu. Àgbègbè kọ̀ọ̀kan ní olú ìlú tirẹ̀, ilé ẹjọ́ sì máa ń wà ní olú ìlú náà. Bí ẹ bá dé iwájú irú ilé ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní Gúúsù, ẹ kì yóò ṣàì rí òkúta ìrántí. Ọ̀kan lè jẹ́ ère ọmọ ogun tí ó di ìbọn mú, fún àwọn tí ó jà fún Gúúsù nínú ogun abẹ́lé ọdún 1861 sí 1865. Òmíràn lè jẹ́ ti àwọn tí ó kú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Ní ẹ̀gbẹ́ títì, ẹ ó rí pátákó irin tí ìjọba ìpínlẹ̀ rì mọ́lẹ̀, tí ó ń sọ fún èrò ọ̀nà pé níhìn-ín ni nǹkan báyìí ti ṣẹlẹ̀.

Ohun méjì ni ó yẹ kí a kíyè sí lára wọn. Ìkíní ni pé nígbà tí ogun abẹ́lé parí, púpọ̀ nínú àwọn ère ọmọ ogun Gúúsù wọ̀nyí kò tíì sí. Láàárín ọdún 1900 sí 1920 ni a gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn kalẹ̀, nígbà tí àwọn tí ó ja ogun náà ti di arúgbó, tí àwọn òfin tuntun sì ti gba ẹ̀tọ́ ìdìbò lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Èkejì ni pé lára òkúta Ogun Àgbáyé Kìíní ní ọ̀pọ̀ àgbègbè Gúúsù, wọ́n ya orúkọ àwọn dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ àwọn funfun. Ogun kan náà ni wọ́n lọ, ikú kan náà ni wọ́n kú, síbẹ̀ àwọn tí ó gbé òkúta kalẹ̀ kò jẹ́ kí orúkọ wọn sùn pọ̀. Ẹ ó rí i pé kí a tó ka gbólóhùn kan ṣoṣo, ọjọ́ orí òkúta àti ètò orúkọ ara rẹ̀ ti ń bá wa sọ̀rọ̀.

Ó tó wàyí, ẹ jẹ́ kí a lọ sí Colfax.

Colfax ni olú ìlú àgbègbè tí wọ́n ń pè ní Grant Parish. Ìlú kékeré ni, lẹ́bàá Odò Pupa. Ọdún 1869, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ogun, ni a dá àgbègbè náà sílẹ̀. Orúkọ Ulysses Grant, ọ̀gágun tí ó ṣẹ́gun Gúúsù tí ó sì di Ààrẹ Amẹ́ríkà, ni a fi sọ àgbègbè náà. Orúkọ Schuyler Colfax, tí í ṣe igbákejì rẹ̀, ni a fi sọ ìlú. Ilé ẹjọ́ tí wọ́n ń lò níbẹ̀ kò jọ ààfin. Ilé ẹṣin oko ńlá kan ni wọ́n tún ṣe tí wọ́n sì sọ di kóòtù. Púpọ̀ nínú àwọn dúdú tí ń gbé àgbègbè náà ni ó ti ṣe ẹrú nínú àwọn oko ńláńlá ibẹ̀ títí ogun fi parí. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ ti Louisiana, orúkọ Nàgó wà lára orúkọ àwọn ẹ̀yà tí a kó lẹ́rú wá síbẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé àwa ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa tó bí òkun ti fẹ̀ tó.

Ní ọdún 1870, àtúnṣe kẹẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n ṣe sí òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà sọ pé a kò gbọdọ̀ torí àwọ̀ ara fi ẹ̀tọ́ ìdìbò du ẹnikẹ́ni. Àwọn ọkùnrin tí ó ti jẹ́ ẹrú láná jáde, wọ́n dìbò. Ní òpin ọdún 1872, wọ́n dìbò yan gómìnà ní Louisiana, àríyànjiyàn sì bẹ́ sílẹ̀. William Kellogg, tí ọ̀pọ̀ àwọn dúdú wà lẹ́yìn rẹ̀, ní òun ni òun wọlé. John McEnery náà ní òun ni. Ní Colfax, ìhà méjèèjì ni ó ní adájọ́ àti olórí agbófinró tirẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù kẹta ọdún 1873, àwọn tí Kellogg yàn wọ inú ilé ẹjọ́ lọ, àwọn dúdú sì kóra jọ láti máa ṣọ́ ọ. Àwọn kan wà nínú wọn tí ó ti ṣe ọmọ ogun rí. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin, àwọn funfun tí ó di ìhámọ́ra bá ọkùnrin dúdú kan, Jesse McKinney, nílé rẹ̀ níbi tí ó ti ń ṣe ọgbà tí ó yí ilé rẹ̀ ká. Wọ́n yìn ín níbọn, ó kú. Láti ọjọ́ náà ni tọkọtaya àti ọmọ ti ń sá wọ ìlú wá.

Ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1873 bọ́ sí ọjọ́ Àìkú Àjíǹde. Lọ́jọ́ náà, àwọn ọkùnrin funfun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún, tí Christopher Columbus Nash jẹ́ olórí wọn, yí ilé ẹjọ́ ká. Wọ́n gbé ìbọn àgbá kan lọ́wọ́. Wọ́n fún àwọn obìnrin àti ọmọdé ní àkókò díẹ̀ láti kúrò níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n dojú ìjà kọ àwọn tí ó kù. Nígbà tí apá àwọn tí ó wà níta kò ká a mọ́, wọ́n sá wọ ilé. Àwọn tí ó yí wọn ká sì ti iná bọ òrùlé. Àwọn tí iná lé jáde na aṣọ funfun sókè láti fi hàn pé àwọn ti jọ̀wọ́ ara àwọn. Wọ́n yìnbọn fún ọ̀pọ̀ nínú wọn bí wọ́n ti ń jáde, wọ́n sì lépa àwọn tí ó sá. Àwọn tí wọ́n mú ní òǹdè wà láàyè títí ilẹ̀ fi ṣú. Lóru ni wọ́n kó wọn jáde tí wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n.

Ọkùnrin funfun mẹ́ta ni ó kú. Ní ti àwọn dúdú, iye tí àwọn onímọ̀ ìtàn ń sọ bẹ̀rẹ̀ láti ọgọ́ta, ó sì dé àádọ́jọ. Ìdí tí iye náà kò fi dúró sójú kan ni pé a sọ òkú òmíràn sínú odò, a sì bo òmíràn mọ́ inú kòtò tí àwọn fúnra wọn gbẹ́ yí ilé ẹjọ́ ká láti fi dáàbò bo ara wọn.

Ìjọba àpapọ̀ fi ẹ̀sùn kan ènìyàn 97. Díẹ̀ ni ọwọ́ bà, mẹ́ta péré ni a sì dá lẹ́bi. Levi Nelson, ọ̀kan nínú àwọn òǹdè tí a yìn níbọn lóru ọjọ́ náà tí kò kú, dúró níwájú adájọ́, ó sì jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1876, nínú ẹjọ́ tí a ń pè ní Ìjọba Amẹ́ríkà àti Cruikshank, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Ó ní ìjọba ìpínlẹ̀ ni àtúnṣe kẹrìnlá sí òfin ìpìlẹ̀ dè lọ́wọ́. Kò de ọwọ́ ẹnì kan tí ó bá kó ẹgbẹ́ jọ láti ṣe ọmọnìkejì rẹ̀ níbi. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ìpínlẹ̀ nìkan ni ó kù tí ó lè fi ìyà jẹ apànìyàn, ìpínlẹ̀ náà kò sì ṣe é. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ dẹ́kun dídáàbò bo àwọn ìjọba Gúúsù tí àwọn dúdú ní ohùn nínú wọn.

Mo ti sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọmọ aráyé láti kà.

Òkúta kìíní wà ní ìté òkú ìlú náà. Ọdún 1921, ọdún méjìdínláàádọ́ta lẹ́yìn ìpakúpa náà, ni wọ́n gbé e kalẹ̀. Òkúta mábù gígùn ṣóńṣó ni. Orúkọ àwọn funfun mẹ́ta tí ó kú wà lára rẹ̀: Stephen Decatur Parish, James West Hadnot àti Sidney Harris. Ó pè wọ́n ní akọni. Ó ní níbi tí wọ́n ti ń jà kí àwọn funfun lè máa jẹ́ ọ̀gá ni wọ́n ti ṣubú. Bí ó ti wà lára rẹ̀ nìyẹn. Kò fi bò.

Pátákó kejì jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni wọ́n rì í mọ́lẹ̀ nítòsí ilé ẹjọ́. Ohun tí ó sọ ni pé níbẹ̀ ni rúkèrúdò Colfax ti ṣẹlẹ̀, pé funfun mẹ́ta àti dúdú àádọ́jọ ni a pa, àti pé ìṣẹ̀lẹ̀ náà ni ó fi òpin sí ìṣèjọba búburú àwọn àjèjì ará Àríwá tí wọ́n gbé báàgì wá sí Gúúsù láti wá jẹun.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, ẹ bá mi yẹ gbólóhùn náà wò. Rúkèrúdò ni wọ́n pè é. A máa ń pè é ní rúkèrúdò nígbà tí ìlú bá dàrú tí kò sí ẹni tí ó mọ ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹni tí a dè lọ́wọ́, tí a mú jáde lóru tí a sì yìn níbọn, ni ó ń ṣe rúkèrúdò? Lẹ́yìn èyí, wọ́n ní a pa àwọn ènìyàn. Wọn kò sọ ẹni tí ó pa wọ́n.  Ní ìparí, wọ́n ní ohun búburú kan dópin lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ó bá ka èyí yóò máa ronú pé ohun rere ni ó ṣẹlẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ bá a rìn.

Mo fẹ́ sọ ohun kan tí ó lè yà yín lẹ́nu. Nínú méjèèjì, ti ìté òkú ni n kò bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀. Òkúta náà jẹ́wọ́ ohun tí ó wà lọ́kàn àwọn tí ó gbé e kalẹ̀, ẹni tí ó bá kà á sì mọ ibi tí ó ti ń bọ̀. Ti ìjọba ni ó léwu. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni ó fi sọ̀rọ̀. Ó ní ọjọ́, ó ní iye, ó ní òǹtẹ̀ ìpínlẹ̀. Ó dà bí olùkọ́ tí ó dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé. Fún nǹkan bí àádọ́rin ọdún ni ó fi dúró níbẹ̀, tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, dúdú àti funfun, ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ohun tí wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ohun kan tún wà tí ó dùn mí jù. Àwọn mẹ́ta ní orúkọ; àwọn àádọ́jọ ní iye. Ẹ̀yin tí ẹ mọ oríkì, ẹ mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì. Ẹran ni a máa ń ka iye rẹ̀ lásán. Ènìyàn ni a ń dá orúkọ rẹ̀ pè.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, wọ́n hú pátákó ìjọba náà kúrò. Àwọn kan lè bi mí pé: ǹjẹ́ bí a bá hú u, kì í ṣe ìtàn ni a ń pa rẹ́? Ìbéèrè rere ni, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ìdáhùn mi ni pé pátákó kọ́ ni ìtàn. Ìtàn wà nínú ìwé ẹjọ́, ó wà nínú ẹ̀rí Levi Nelson, ó wà lẹ́nu àwọn ọmọ tí baba wọn kò padà wálé. Ṣùgbọ́n n ó gbà fún ẹni tí ó bi mí ní apá kan: híhú nìkan kò tó. Nígbà tí wọ́n hú pátákó náà tán, òkúta àwọn mẹ́ta ṣì dúró ní ìté òkú pẹ̀lú orúkọ àti oyè akọni. Àwọn yòókù kò ní orúkọ níbì kankan ní ìta gbangba. Ẹni tí ó bá mú irọ́ kúrò tí kò fi òtítọ́ rọ́pò rẹ̀, ilẹ̀ òfìfo ni ó fi sílẹ̀.

Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 2023, tí ó pé àádọ́jọ ọdún gééré, wọ́n ṣí òkúta kẹta ní Colfax. Òkúta dúdú dídán ni. Wọ́n gbẹ́ orúkọ ènìyàn 57 tí a mọ̀ pé wọ́n kú níbẹ̀ sí i lára. Lára àwọn tí ó sapá kí òkúta náà lè dúró ni ọmọ ìran Jesse McKinney, ọkùnrin tí a pa nílé rẹ̀, àti ọmọ ìran ọ̀kan nínú àwọn tí ó yí ilé ẹjọ́ ká lọ́jọ́ náà. Àwọn méjèèjì jùmọ̀ ṣe é. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Colfax ju ogún ọdún lọ, òtítọ́ náà kò sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn débẹ̀. Àwọn ènìyàn ni ó gbé e wá.

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ wa ni mo ti ń sọ láti àárọ̀. Bí ẹ bá kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ síwájú òkúta ìrántí, níbikíbi tí ó bá wà, ẹ má ṣe ní kí wọ́n kàn da ohun tí ó wà lára rẹ̀ kọ sínú ìwé. Ẹ kọ́ wọn láti bi í ní ìbéèrè mẹ́rin. Ọdún wo ni nǹkan náà ṣẹlẹ̀, ọdún wo ni a sì gbé òkúta kalẹ̀? Ta ni ó san owó rẹ̀, ta ni ó sì ní àṣẹ lórí ilẹ̀ tí ó dúró lé? Nínú ọ̀rọ̀ tí a kọ, ta ni ó ṣe nǹkan, ta ni a ṣe é sí, ǹjẹ́ a sì dárúkọ àwọn méjèèjì? Ní ìparí, ta ni ó yẹ kí ó wà lára rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀?

Ẹ kọ́ wọn pẹ̀lú pé òkúta tuntun náà kò ga ju ìbéèrè lọ. Òun náà ní ọdún tirẹ̀, ó ní àwọn tí ó gbé e kalẹ̀, ó sì ní ohun tí wọ́n fẹ́ kí a rántí. Orúkọ 57 ni ó wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni iye tí a pa lè jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Bí a bá ka òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ti 1921, ti nǹkan bí 1950 àti ti 2023, a ó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1873, a ó sì tún mọ ohun tí ìran kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀ ní ìgboyà láti sọ àti ohun tí ó bẹ̀rù láti sọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè pé ta ni ó ń ti inú òkúta sọ̀rọ̀. Ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí a gbé e kalẹ̀ ni. Kí a tó lè gbọ́ ohùn ẹni tí agbára kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, a ní láti wá a lọ sí ibòmíràn: sínú ìwé ẹjọ́, sí etí odò, sí ẹnu àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti mọ ọ̀nà ibẹ̀, kí ó sì mú ọmọ dání lọ.